Ohun Tí "Put Off" Fi Yàtọ̀ sí "Call Off": Ọ̀nà Láti Kọ́ Àkànlò-Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Àbújá, iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Garki, èmi náà sì ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọ́fíìsì wa ń rán láti máa kéde ọjọ́ ìpàdé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, alága wa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé: "The meeting has been put off till Thursday." Mo mọ "put", mo mọ "off", àní nílé wa "off the gen" kì í wọ́n lẹ́nu ọmọdé. Nítorí náà mo lọ káàkiri ọ́fíìsì, mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé wọ́n ti fagi lé ìpàdé, àti pé ó di Ọjọ́bọ̀ kí a tó gbọ́ ohun tó kàn. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, àwọn mélòó kan tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu alága fúnra rẹ̀ péjọ, wọ́n sì pín owó ẹ̀yáwó tó wà nílẹ̀ tán. Ìyá kan tó ń ti Mararaba wá síṣẹ́, tí ó ti fọkàn sí owó náà láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, kò bú mi, kò sì bá mi jà. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó ti máa ń pè mí ní "ọmọ mi" bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "sà".

"Put off" ni kí a sún nǹkan síwájú. "Call off" ni kí a fagi lé e. "Off" kan náà ló wà nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ "put" àti "call" dunjú kò lè ti ibẹ̀ mọ èyí tó ń sún nǹkan síwájú àti èyí tó ń pa á rẹ́. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, tó ń fa ọ̀rọ̀ kékeré kan lẹ́yìn tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà nítorí rẹ̀, ni àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "phrasal verb". Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní òkúnkúndùn, mo sì ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ ní Kubwa báyìí: àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń múra IELTS, ìyẹn ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó fẹ́ lọ sí òkè òkun, àti àwọn oníṣòwò tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ wọn jẹ. Ohun tí iṣẹ́ náà fi hàn mí ni pé Yorùbá tí a gbọ́ láti kékeré kì í ṣe ìdíwọ́ fún ẹni tó ń kọ́ àkànlò-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òun gan-an ni ọ̀nà àbùjá, bí a bá ti lè jáwọ́ nínú títú gbólóhùn sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo inú Yorùbá

Bí àlejò kan tó ń kọ́ èdè wa bá gbọ́ pé "Ọ̀rẹ́ mi jẹ gbèsè", tí ó sì ṣí ìwé atúmọ̀-èdè láti wo "jẹ", yóò rò pé ẹnìkan fi gbèsè sẹ́nu, ó sì ń rún un. A ń jẹ iyán, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ oyè, ẹnìkankan nínú wa kò sì dúró béèrè bí ẹnu kan náà ṣe ń gba gbogbo rẹ̀. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ní ìhà àríwá yìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò, wọn á ní ó "ci jarrabawa", ìyẹn ni pé ó jẹ ìdánwò. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí màbo, wọn á ní ó "sha wuya", ó mu ìyà. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ èyí ní ọjà, tí ó sì ń lò ó láìbéèrè ìdí, kò yẹ kí ẹ̀rù "kick the bucket" bà á. Gẹ̀ẹ́sì ta garawa nípàá, Yorùbá ta téru nípàá, ikú ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ní ti phrasal verb, a ní ìbátan rẹ̀ nílé pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, nítorí pé ó máa ń là sí méjì kí ohun tí a ń ṣe iṣẹ́ náà sí lè wọ àárín rẹ̀. A ní "bàjẹ́", ṣùgbọ́n "ó ba iṣẹ́ náà jẹ́" tàbí "ó bà á jẹ́" ni à ń sọ. A ní "gbàgbọ́", ṣùgbọ́n "mo gbà á gbọ́" ni. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ilé Yorùbá tí yóò sọ pé "ó bàjẹ́ ẹ̀rọ náà". Ní ìdàkejì, "rántí" àti "fẹ́ràn" kì í là: "mo rántí rẹ̀", "mo fẹ́ràn rẹ̀". Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe rí gan-an nìyẹn. "Put off", "call off", "turn down" àti "pick up" wà lára àwọn tó ń là, nítorí náà "put it off", "turn it down". "Look after", "run into" àti "get over" kì í là, nítorí náà "look after her", a kì í sọ "look her after". Àwọn ọlọ́rọ̀ mẹ́ta bíi "put up with" àti "run out of" náà kì í là.

Ibì kan wà tí èdè méjèèjì ti yà, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra. Nígbà tí ohun tí a ń ṣe iṣẹ́ sí bá jẹ́ orúkọ gidi, Yorùbá a máa fi sí àárín dandan, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gbà á sí ibi méjèèjì: "put the meeting off" àti "put off the meeting" kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Nígbà tí ó bá di "it", "him", "her", "me", "them", Gẹ̀ẹ́sì á wá le koko bí Yorùbá, àárín nìkan ni yóò gbà. Ẹni tó bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé "I will pick up you at Berger" ti ṣe ohun tí kò ní ṣe láéláé ní èdè tirẹ̀. "I will pick you up" ni.

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré

Wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé "up" ni òkè. Kò sí òkè kankan nínú "eat up", "drink up" àti "use up". Iṣẹ́ "tán" ló ń ṣe níbẹ̀. "Eat up your food" ni "jẹ oúnjẹ rẹ tán". "We have used up the gas" ni "a ti lo gáàsì náà tán". Ẹ máa fi "tán" dán an wò nígbàkígbà tí "up" bá rú yín lójú, ẹ ó sì rí i pé yóò bá a mu níye ìgbà. "On" tó ń tẹ̀lé "carry", "go" àti "keep" ń ṣe iṣẹ́ "lọ" tí a fi ń fi hàn pé nǹkan kò dáwọ́ dúró, bíi "máa bá a lọ". "Back" ni "padà" nínú "pay back", "give back" àti "call back", kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. "Off" ni alágídí inú wọn. Nínú "cut off" àti "take off your shoes", ó jọ "kúrò", ṣùgbọ́n ẹ wá "kúrò" títí nínú "show off", ẹ kò ní rí i, nítorí pé ṣekárími ni ìtumọ̀ ìyẹn. N kò ní parọ́ fún yín pé ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. "Bring up" ni kí a tọ́ ọmọ dàgbà, "turn up" ni kí ènìyàn yọjú, "give up" ni kí ó jáwọ́, kò sì sí "tán" nínú ọ̀kankan wọn. Ó kàn ń dín ẹrù kù ni.

Ẹ kó wọn jọ bí ìdílé

Àwọn ìwé kan wà tó jẹ́ pé ojú kan ni wọ́n máa ń to gbogbo ọmọ "put" sí: "put off", "put on", "put out", "put up", "put up with", "put down", "put across", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan yóò jí lówùúrọ̀ tí ọ̀kan ti wọnú èkejì, nítorí pé ìrísí wọn jọra ju bí ìtumọ̀ wọn ṣe jọra lọ. Èmi kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan tí Yorùbá fi ń dá àṣà, kí wọ́n wá wo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá a dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ojú. "Look after" ni "tọ́jú" tàbí "mójú tó", wíwò sì wà nínú rẹ̀ ní èdè méjèèjì. "Look down on" ni "fojú tẹ́ńbẹ́lú". "Look into" ni "yẹ̀ wò". "Turn a blind eye" ni "mójú kúrò": Gẹ̀ẹ́sì sọ ojú náà di afọ́jú, Yorùbá kàn mú un kúrò níbẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n jọ ń sọ, pé ẹni náà rí i ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. "Keep an eye on" ni ohun tí à ń sọ ní gáréèjì Utako nígbà tí a bá fẹ́ lọ ra omi tí ẹrù wa sì wà nílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú sí báàgì mi." Nígbà tí a bá dé orí "see eye to eye", ọ̀nà yà. Gẹ̀ẹ́sì fi ojú sọ ọ́, Yorùbá fi ẹnu sọ ọ́, pé ẹnu wọn kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni kì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé rẹ̀ mọ́.

"Look forward to" yẹ fún àlàyé tirẹ̀, nítorí pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. "Fojú sọ́nà" ni. Ẹni tó ń dúró de àlejò ló ń wo ojú ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ní ó ń wo iwájú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a kọ ọ́ sí ìparí lẹ́tà pé "I look forward to hear from you", nítorí a rò pé "to" náà ni "láti". "Láti" kọ́. A kì í "fojú sọ́nà láti" nǹkan, a máa ń "fojú sọ́nà fún" un ni: fún èsì yín, fún ìpàdé wa, fún gbígbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín. Bí Yorùbá ṣe fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn "fún" yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ tó parí sí "-ing" lẹ́yìn "to" yìí, nítorí náà "I look forward to hearing from you".

Ìdílé mọ́tò náà dára, ó sì wà níwájú wa lójoojúmọ́ ní ojú ọ̀nà Nyanya. "Break down" ni "dẹnu kọlẹ̀". Mọ́tò lè dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ náà lè dẹnu kọlẹ̀, ìjíròrò láàárín òṣìṣẹ́ àti ìjọba náà lè dẹnu kọlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé "She broke down when she heard the news", kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ó bú sẹ́kún ni. Bí ẹnìkan bá sì ní "Break it down for me", ó fẹ́ kí ẹ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kí ó lè yé òun. Ohun tó ń ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tàbí ohun tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe kọ phrasal verb kankan sílẹ̀ láìkọ olùwà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìròyìn ni orísun kẹta tí mo fẹ́ràn, pàápàá fún ẹni tó ń gbé olú-ìlú. "Hand over" ni "fà lé lọ́wọ́": ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999, àwọn ológun fa ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́, láti ìgbà náà ni "handover" sì ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ láìtú u. Ọwọ́ wà nínú rẹ̀ níhìn-ín, ọwọ́ wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní ti "call off" tèmi, àwọn olùkọ́ yunifásítì ló jẹ́ kí ó yé mi tán. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022 wá sí òpin ní oṣù kẹwàá, "suspend" ni ẹgbẹ́ náà sọ pé àwọn ṣe, ìyẹn ni pé wọ́n dá a dúró ná. Ẹni tó bá "call off" ìyanṣẹ́lódì ti fagi lé e pátápátá. Òbí tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò mọ̀ bóyá kí òun tètè ra gbogbo ẹrù ilé-ìwé ọmọ òun tàbí kí òun ṣì fọwọ́ mú nǹkan.

Ojú ewé kan nínú ìwé kékeré

Ẹ ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò. Nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìwé tirẹ̀ ló wà létòlétò jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ti rí. Ó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ láti Kubwa sí Wuse, ó gbọ́ tí ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ lórí fóònù pé "The land matter in Gwagwalada has fallen through." Ó kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ló rì. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì ń béèrè bí owó tí òun ti san ṣe máa padà wá.

Ìlà àkọ́kọ́ ojú ewé náà ni gbólóhùn ọkùnrin yìí, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láìyọ ohunkóhun kúrò. Ìlà kejì ni ohun tó rí: "Ó mí kanlẹ̀. Owó." Nígbà tó délé, ó wo ìwé atúmọ̀-èdè, ó sì kọ "kò bọ́ sí i" sí ìlà kẹta. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó wá ohun tí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ yóò sọ bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó pa "kò bọ́ sí i" rẹ́, ó kọ "forí ṣánpọ́n". Ìlà kẹrin sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò gba ohunkóhun sẹ́yìn, ètò ló ń forí ṣánpọ́n fúnra rẹ̀, ènìyàn kì í "fall through" ètò. Ìlà karùn-ún ni gbólóhùn tirẹ̀, tó jẹ́ òtítọ́ nípa ayé tirẹ̀: "My trip to Jos fell through because nobody could cover my shift." Ìlà karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, ó sì wà lára ìdí tí ọ̀rọ̀ kì í fi dúró lórí wọn.

Ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún lọ́sẹ̀ kan tó. Ẹ padà sí ojú ewé náà ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ẹni tó bá ń kó ogún lóòjọ́, mo ti rí wọn, wọn kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó pa ìwé náà tì.

Nígbà tí ẹ bá ń lo ìwé atúmọ̀-èdè tí wọ́n ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n fi "sth" àti "sb" sí. "Sth" dúró fún "something", "sb" sì dúró fún "somebody". Bí ó bá wà láàárín, bíi "put sth off", ọ̀rọ̀ náà máa ń là. Bí ó bá wà lẹ́yìn, bíi "look after sb", kì í là. Àwọn ìwé mìíràn máa ń fi ọfà olórí méjì sí àárín láti sọ pé ibi méjèèjì ló gbà.

Gẹ̀ẹ́sì ilé wa àti Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú kíláàsì mi. Púpọ̀ nínú àwọn àkànlò-èdè tí à ń lò lójoojúmọ́ ni a ti tún ṣe sí ìwọ̀n ara wa. "More grease to your elbow" ni à ń fi kí ẹni tó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n "More power to your elbow" ni ti àwọn ará Britain, nítorí pé "elbow grease" lọ́dọ̀ tiwọn ni iṣẹ́ àṣekára, pàápàá fífọ nǹkan àti nínu nǹkan. "Half bread is better than none" tiwa ni "Half a loaf is better than none" tiwọn. "Be rest assured" kò nílò "be" yẹn, "cope up with" kò sì nílò "up". "She has put to bed" tí a fi ń kéde pé obìnrin ti bímọ, bí ẹni tí kò gbé Nàìjíríà rí bá gbọ́ ọ, yóò máa dúró kí a sọ ẹni tí obìnrin náà tẹ́ sùn, nítorí pé fífi ọmọ sórí ibùsùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. "She has had a baby" ni yóò yé e.

Nílé, ní ọjà àti ní ọ́fíìsì ní Àbújá, kò sí ohun tó burú nínú èyí tiwa, n kò sì fara mọ́ àwọn olùkọ́ tó ń fi àwọn ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò ni ó ti ń gba máàkì lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ kàn fi lẹ́tà N kékeré sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó jẹ́ ti Nàìjíríà nínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ ti Britain sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àṣìṣe tí kì í ṣe àṣìṣe dá yín lẹ́bi. A ti bá mi wí rí pé "eat your cake and have it" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, pé "have your cake and eat it" ni. Bẹ́ẹ̀, ní 1546 tí John Heywood kó òwe Gẹ̀ẹ́sì jọ sínú ìwé, jíjẹ ló ṣáájú níní nínú èyí tó kọ. Tiwa ló dàgbà jù. Èkejì ni àwọn ènìyàn ń lò jù lóde òní, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì.

Mímọ orísun ọ̀rọ̀ náà máa ń ran ìrántí lọ́wọ́, bí ìtàn rẹ̀ bá ti dájú. Ẹni tó bá mọ Bíbélì ti ní púpọ̀ nínú wọn láìmọ̀. "The writing is on the wall" wá láti inú ìwé Dáníẹ́lì orí 5, níbi tí ọwọ́ kan ti kọ̀wé sára ògiri ààfin ọba Bábílónì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àmì ìṣubú ti hàn. "Wash your hands of" ni ohun tí Pílátù ṣe nínú Mátíù 27:24, a sì lè sọ ọ́ ní Yorùbá pé ó yọwọ́ yọsẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. "By the skin of my teeth" wà nínú Jóòbù 19:20, fún ẹni tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló kù kí ó má bọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù kò sì nílò olùkọ́ fún "move the goalposts": ẹni tó ń yí òfin padà lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀ kó má baà fìdí rẹmi ni.

Ẹni tí a lè sọ ọ́ fún

Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé inú òun bàjẹ́ láti gbọ́ pé "your father kicked the bucket". Ìtumọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Mo bi í léèrè pé bí Olúbàdàn bá kú, ṣé yóò sọ pé kábíyèsí ta téru nípàá? Ó dákẹ́. Ọba a máa wàjà, àgbà a máa papòdà, ẹni tí a kò kà sí tàbí tí a ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ló ń ta téru nípàá. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ìpele wọ̀nyí. "Passed away" ni ti ìbánikẹ́dùn, "died" kò ṣẹ̀, kò rò, "kicked the bucket" sì jẹ́ ti ẹ̀fẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. Nítorí náà ìlà kẹfà kan yẹ nínú ìwé náà fún àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ta ni mo lè sọ ọ́ fún? Phrasal verb púpọ̀ náà dára lẹ́nu ju inú ìwé lọ. Nínú lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba, "postpone" dára ju "put off" lọ, "tolerate" sì dára ju "put up with" lọ.

Ní ti ìdánwò, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. JAMB, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari níbí, máa ń fi ìbéèrè 180 síwájú akẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí méjì, 60 nínú rẹ̀ sì ni ti Use of English. Ó túmọ̀ sí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kò sì sí àyè láti máa rò ó bóyá. Nígbà tí ẹ bá rí "let the cat out of the bag", ẹ kọ́kọ́ pa ìdáhùn tó ní ológbò tàbí ẹranko nínú rẹ́, nítorí pé ìtumọ̀ ojú lásán sábà máa ń jẹ́ pàkúté. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá èyí tó jẹ mọ́ títú àṣírí. Ní ti IELTS, ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀, wọ́n sì retí pé kí ẹni tó ń wá máàkì 7 lo àkànlò-èdè díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Ẹni tó bá da mẹ́wàá sínú ọ̀rọ̀ kan, tí gbogbo òjò rẹ̀ ń rọ̀ bí "cats and dogs", yóò dà bí ẹni tó ń pa òwe mẹ́wàá láti fi béèrè omi mímu.

Nọ́ọ̀sì tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn àti ọkọ rẹ̀ ti sọ ìwé kékeré náà di eré ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọkọ yóò ka ìlà kẹta ní Yorùbá, ìyàwó yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tuntun tí kò sí nínú ìwé náà, wọn á sì pààrọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kùnà lẹ́ẹ̀mẹta ni yóò san owó sùúyà, èyí tí mo sì gbọ́ kẹ́yìn ni pé ọkọ ti san án lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀léra.